Bẹ́ ẹ ṣe lè ṣọ́ àgbàdo àti ẹ̀pà yín kí májèlé èébu má bàa bá a dénú ìkòkò

Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ fẹ́ rẹ àgbàdo ògì lálẹ́ òní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì da omi sí i. Ẹ bu kóńgò kan sórí àtẹ, ẹ gbé e síta níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kẹ́ ẹ wò ó dáadáa. Kì í ṣe òkúta nìkan là ń wá o. Ẹ wo ìdí hóró náà, ibi ṣóńṣó tó ti so mọ́ ṣuku yẹn, ṣé nǹkan kan wà níbẹ̀ tó dà bí ìyẹ̀fun, tó ní àwọ̀ ewé àbí àwọ̀ eérú? Ṣé àwọn kan wà tó ti fúyẹ́, tó ti hunjọ, tó ti dúdú? Orí àwọn yẹn lọ̀rọ̀ mi dá lé.

Tom Brown ni mo máa ń ṣe tà fún àwọn ìyálọ́mọ ládùúgbò wa n'Ìbàdàn níbí, àgbàdo, ẹ̀pà, sóyà, ọkà bàbà, a ó yan gbogbo ẹ̀ ká tó gbé e lọ fún ẹlẹ́rọ ìlọta. Ọmọ oṣù mẹ́fà, oṣù méje, ló ń jẹ ẹ́, torí náà mi ò lè fi ọ̀rọ̀ èébu ṣeré rárá.

Èébu pọ̀ lóríṣiríṣi, ṣùgbọ́n èyí tó burú jù lára àgbàdo àti ẹ̀pà lèyí tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní Aspergillus flavus. Inú ilẹ̀ oko ló ń gbé, àtoko ló sì ti máa ń bá nǹkan ọ̀gbìn wálé, pàápàá tí ọ̀dá bá dá tàbí tí kòkòrò bá ti dá hóró lu. Òun ló ń pọ májèlé tí wọ́n ń pè ní áfílátọ́síìnì. Èébu yẹn lojú ń rí, májèlé yẹn lojú ò rí, kò ní òórùn tẹ́ ẹ fi máa mọ̀ ọ́n, kò sì korò lẹ́nu. Tẹ́ ẹ bá nu èébu kúrò, májèlé ti wọnú hóró lọ ná.

Ohun tó wá mú kí n jókòó kọ eléyìí ni pé ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé iná máa pa á. Iná ò ràn án o! Omi tó ń hó, ooru ẹ̀ ò ju ìwọ̀n 100 lọ, májèlé yìí sì ń fara da ooru tó ju 200 lọ. Ẹ lè se ẹ̀kọ títí kó fi ki, ẹ lè pọ́n ọn sínú ewé kẹ́ ẹ fi í sínú omi gbígbóná látàárọ̀ dalẹ́, ibi tó wà náà ló máa wà. Yíyan máa ń dín in kù díẹ̀, kíkan ògì náà ń dín in kù díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ń kó o tán nínú wọn. Gbogbo iṣẹ́ tẹ́ ẹ máa ṣe, kó tó kan iná lẹ máa ṣe é.

Ó ti ṣẹlẹ̀ ní gbangba rí, kì í ṣe ìtàn àròsọ. Lọ́dún 1960, tòlótòló tó ju 100,000 lọ kú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n tọpasẹ̀ ẹ̀ títí wọ́n fi rí i pé ẹ̀pà lílọ̀ tí wọ́n kó wá láti Brazil, tí wọ́n fi po oúnjẹ wọn, ló fà á, ibẹ̀ ni wọ́n ti dá májèlé náà mọ̀. Lọ́dún 2004, ó kan èèyàn ní ìlà oòrùn Kẹ́ńyà, lágbègbè Makueni àti Kitui, àgbàdo tí wọ́n kó wọlé láì tíì gbẹ tán ni wọ́n jẹ, èèyàn 317 ló ṣàìsàn, 125 kú nínú wọn. Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ti àwọn ọmọdé ní Benin àti Togo, tí wọ́n gbé ìwádìí ẹ̀ jáde lọ́dún 2002. Àwọn ọmọ bíi 480 ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára wọn, láti ọmọ oṣù 9 sí ọmọ ọdún 5, nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ, 99 ló ní àmì májèlé yìí nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn tí àmì náà sì pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ wọn ni kì í sábà ga tó ẹgbẹ́ wọn, tí wọn kì í sì í sanra tó. Kẹ́ ẹ wá wò ó, àwọn tí wọ́n ti gba lẹ́nu ọmú, tí wọ́n ti bọ́ sórí oúnjẹ ilé, ni tiwọn pọ̀ jù. Oúnjẹ àgbàdo ni o. Oúnjẹ tá a fìfẹ́ sè.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀.

1. Látọjà ni kẹ́ ẹ ti mú un

Ẹ má ra àgbàdo tẹ́ ẹ kàn rí òkè àpò ẹ̀. Ọdún méjì sẹ́yìn mo ra odidi àpò kan nídìí ọkọ̀, nínú oṣù kẹjọ, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Òkè àpò gbẹ, ó mọ́, mo sanwó. Ìgbà tí mo délé tí mo tú u dé àárín, ooru ló kọ́kọ́ kàn mí lọ́wọ́, àgbàdo náà ti lẹ̀ mọ́ra ní gìrọ̀gìrọ̀, òórùn tó ń jáde bí ìgbà tí wọ́n ṣí yàrá tí wọ́n ti tì pa látọjọ́ pípẹ́. Mo ní kí n má jẹ́ kó ṣòfò, mo da èyí tó bu fún àwọn adìyẹ mi àti pẹ́pẹ́yẹ méjì tí mo ní. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ ló kọ́kọ́ lọ, ọ̀sẹ̀ náà ò parí. Wọn ò jẹun mọ́, wọ́n kàn lọ sígun ògiri, ìyẹ́ wọn wálẹ̀. Ọkọ mi la ọ̀kan, ẹ̀dọ̀ ẹ̀ ti wú, ó sì ti ṣì láwọ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó wádìí tí wọ́n sọ fún mi pé nínú gbogbo ohun ọ̀sìn, pẹ́pẹ́yẹ wà lára àwọn tí májèlé yìí máa ń tètè pa jù. Mo da àpò yẹn nù pátápátá, pẹ̀lú èyí tí mo ti ṣà sọ́tọ̀ pé ó dáa, owó yẹn dùn mí o, àmọ́ kí n wá lọ̀ ọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ?

Torí náà, ẹ ní kí wọ́n tú àpò. Ẹ ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Tó bá gbóná nínú, ẹ fi í sílẹ̀. Tó bá lẹ̀ mọ́ra, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ gbọ́ òórùn ẹ̀. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan kẹ́ ẹ dà á padà sínú igbá, àgbàdo tó gbẹ máa dún ṣakaṣaka, èyí tó tutù máa dún bọ̀bọ̀. Ẹ fi eyín gé ọ̀kan, tó bá gbẹ ó máa ṣẹ́ kó, tó bá rọ̀ lábẹ́ eyín, omi ṣì wà nínú ẹ̀. Tẹ́ni tó ń tà á bá ní àwọn ò kí ń tú àpò, kẹ́ ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Àgbàdo tá a ń ṣẹ́ nínú oṣù keje sí ìkẹjọ ló máa ń fa wàhálà jù lọ́dọ̀ wa, torí pé inú òjò ló ti ń gbẹ. Èyí tó bọ́ sásìkò ọyẹ́ máa ń rọrùn.

Ohun kan tún wà, hóró odidi ni kẹ́ ẹ máa rà. Ohun tí wọ́n bá ti lọ̀, ojú ò lè ṣà á mọ́. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ẹ̀pà tó ti hunjọ, tí ẹnikẹ́ni ò ní rà lódidi, ni wọ́n ń kó jọ lówó pọ́ọ́kú láti fi ṣe kulikúlì, dọ̀nkúwà àti ẹ̀pà lílọ̀, òróró á jáde, májèlé tó pọ̀ jù á dúró sínú kulikúlì. Mi ò ní kẹ́ ẹ má jẹ kulikúlì mọ́. Ẹ ra tẹni tẹ́ ẹ mọ bó ṣe ń ṣa ẹ̀pà ẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ ṣe é fúnra yín. Bẹ́ẹ̀ náà ni àádùn àti kókóró.

2. Ẹ fi iyọ̀ dán gbígbẹ ẹ̀ wò

Èyí lẹ́ẹ̀kan ni mo kọ́ ọ, mo sì ń ṣe é títí dòní. Ẹ wá ìgò gíláàsì tó ní ìdérí, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá, kí ẹ̀kán omi kan má kù nínú ẹ̀. Ẹ sá iyọ̀ sóòrùn tàbí kẹ́ ẹ yan án díẹ̀ nínú páànù kó gbẹ, kẹ́ ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ da àgbàdo sínú ìgò títí dé bí ìdá mẹ́ta ẹ̀, ẹ wá da ṣíbí ìjẹun méjì tàbí mẹ́ta iyọ̀ yẹn lé e, ẹ dé e, ẹ mì í fún bí ìṣẹ́jú kan, ẹ wá gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ gbé ìgò náà sójú ìmọ́lẹ̀. Tí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò nínú, omi tó wà nínú àgbàdo yẹn ti ju 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, kò tíì ṣeé kó pamọ́ rárá. Tí iyọ̀ bá wà nísàlẹ̀ nílẹ̀ tí ara ìgò mọ́ kedere, ó ti wálẹ̀ sí 15, àmọ́ ẹ tún sá a sí i lójọ́ kan tàbí méjì, torí pé 13 sísàlẹ̀ là ń wá fún àgbàdo, ẹ̀pà tí wọ́n ti pa ní tiẹ̀ ò gbọdọ̀ ju 8 lọ. Àgbàdo tẹ́ ẹ fi dánwò yẹn, ẹ má dà á padà sínú àpò, iyọ̀ ti wà lára ẹ̀.

3. Sísá

Ilẹ̀ erùpẹ̀ kọ́, etí títì kọ́. Inú ilẹ̀ gan-an ni èébu yẹn ń gbé, ẹ sì ń gbé oúnjẹ lé e lórí. Ẹ wá tapólì, ẹní, tàbí orí símẹ́ǹtì tẹ́ ẹ ti gbá, ẹ tẹ́ ẹ kó fẹ́lẹ́, kó má ga ju ìka méjì lọ, ẹ máa yí i ní wákàtí wákàtí. Kí òòrùn tó wọ̀, ẹ ti kó o kúrò níta, torí ìrì òru nìkan tó láti ba iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta jẹ́. Ẹ jẹ́ kó tutù kẹ́ ẹ tó dì í sí àpò o, tẹ́ ẹ bá dì í ní gbígbóná ó máa làágùn nínú àpò, òógùn yẹn lèébu ń wá.

Tójò ò bá dá? Àwọn ìyá wa ò ṣe é lásán tí wọ́n fi ń so àgbàdo tó ṣì wà nínú háhá rọ̀ sókè àdógán. Ooru àti èéfín ń gbẹ ẹ́, kòkòrò ò sì fẹ́ràn ibẹ̀. Tó bá jẹ́ díẹ̀ lẹ ní, ó ṣì ṣeé ṣe. Tó bá pọ̀, ẹ tẹ́ ẹ sínú ilé níbi tí atẹ́gùn ń gbà, kẹ́ ẹ tan fáànù sí i, ẹ ṣáà má fi sílẹ̀ nínú àpò kẹ́ ẹ máa retí òòrùn.

4. Ṣíṣà, iṣẹ́ gan-an nìyí

Tẹ́ ẹ bá ní kí n mú ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tí mo ń sọ yìí, èyí ni mo máa mú. Májèlé yìí kì í tẹ́ ara ẹ̀ sílẹ̀ bákan náà nínú gbogbo àpò. Hóró díẹ̀ ló máa ń kó èyí tó pọ̀ jù sínú, àwọn ìyókù lè máà ní nǹkan kan. Ní Yúróòpù, oúnjẹ àgbàdo tó ti ṣe tán fún jíjẹ, òfin wọn ò gbà ju 4 lọ nínú bílíọ̀nù kan. Ẹ jẹ́ kí n túmọ̀ ẹ̀: ẹ kó àpò àgbàdo ọlọ́gọ́rùn-ún kílò mẹ́wàá jọ, mílígíráàmù mẹ́rin májèlé péré ló gbọdọ̀ wà nínú gbogbo àpò mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ẹyọ Panadol kan jẹ́ 500 mílígíráàmù. Ẹ rí bó ṣe kéré tó? Ìdí nìyẹn tí ẹ̀kúnwọ́ hóró burúkú kan fi lè ba odindi ìkòkò jẹ́, òun náà ló sì fà á tí yíyọ ẹ̀kúnwọ́ yẹn kúrò fi lè gba odindi ìkòkò là.

Ẹ fẹ́ àgbàdo náà lákọ̀ọ́kọ́, kí ìyẹ̀fun àti èyí tó fúyẹ́ bá atẹ́gùn lọ. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ́ ẹ sórí àtẹ kó fẹ́lẹ́, ẹ wo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ yọ èyí tó bu, èyí tí kòkòrò ti lu, èyí tó fọ́, èyí tó ti hunjọ, èyí tí àwọ̀ ẹ̀ yàtọ̀ sí tàwọn yòókù, àtèyí tó ti fẹ́ hù. Ẹ má ṣojo. Èyí tẹ́ ẹ bá ń ṣiyèméjì lórí ẹ̀, ẹ yọ ọ́.

Ẹ̀pà gba sùúrù ju àgbàdo lọ, torí ó máa ń fi ojú tan èèyàn. Èèpo pupa òde lè máa dán kí inú ti bàjẹ́. Ẹ mú hóró mẹ́wàá, ogún, níbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú èyí tẹ́ ẹ fẹ́ rà, ẹ fi èékánná là á sí méjì. Láàárín ibi tí ìlàjì méjèèjì ti fara kanra, àlàfo kékeré kan wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò, tẹ́ ẹ bá rí nǹkan bí òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tó ní àwọ̀ eérú tàbí àwọ̀ ewé, tàbí tí inú ẹ̀ ti pọ́n rúsúrúsú, ẹ mọ̀ pé òun nìyẹn. Mo máa ń ṣa ẹ̀pà lẹ́ẹ̀mejì. Màá ṣà á ní tútù, màá yan án, màá fọwọ́ ra á kí èèpo kúrò, màá wá tún un ṣà, torí tí èèpo bá ti lọ, èyí tó dúdú àtèyí tó ní àbàwọ́n á hàn gedegbe láàárín àwọn funfun. Májèlé fúnra ẹ̀ ò korò lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀pà tó ti bàjẹ́ lè korò, torí náà tẹ́ ẹ bá ju ẹ̀pà sẹ́nu tó korò, ẹ tu ú, ẹ má gbé e mì, ẹ fi omi yọ ẹnu.

5. Tó bá kan ògì

Tẹ́ ẹ bá ti ṣà á tán, ẹ da omi sí i, ẹ fọwọ́ rú u, ẹ dúró díẹ̀. Àwọn hóró tó bá léfòó, ẹ yọ wọ́n dànù, àwọn tí inú wọn ti bàjẹ́ máa ń fúyẹ́. Ẹ da omi àkọ́kọ́ nù, ẹ fọ̀ ọ́ bí ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, kẹ́ ẹ tó rẹ ẹ́. Tẹ́ ẹ bá lọ̀ ọ́, ẹ sẹ́ ẹ dáadáa, torí púpọ̀ nínú májèlé náà máa ń wà lára èèpo, eèrí ló sì máa gbé e jáde. Ẹ wá rántí pé eèrí yẹn náà ló máa wà o, tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé àgbàdo yẹn ò dáa tó, ẹ má fi bọ́ ewúrẹ́, ẹ má fi bọ́ ẹlẹ́dẹ̀.

Fún ọmọ ọwọ́, ẹ má fi ògì àgbàdo nìkan tọ́ ọ. Àgbàdo àti ẹ̀pà ló máa ń gba májèlé yìí jù nínú ohun tá à ń jẹ, torí náà ẹ máa fi ọkà bàbà, jéró, ìrẹsì, ẹyin, ẹja àti ọ̀dùnkún pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ má sì tìtorí ọ̀rọ̀ yìí gba ọmú lẹ́nu ọmọ, ọmú ìyá ṣì dáa fún un ju ohunkóhun lọ.

6. Ìpamọ́

Àpò ò gbọdọ̀ kan ilẹ̀, kò gbọdọ̀ fara ti ògiri. Ẹ to igi tàbí páálẹ́ẹ̀tì sábẹ́ ẹ̀, kí atẹ́gùn máa gbà á kọjá. Tí òrùlé bá ń jò, ẹ tún un ṣe kẹ́ ẹ tó kó ọkà wọlé. Àpò onípele mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní PICS wà lọ́jà báyìí, ọ̀rá méjì ló wà nínú àpò kan, ẹ ó kún un, ẹ ó fún atẹ́gùn jáde, ẹ ó di ọ̀rá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kòkòrò inú ẹ̀ ò ní rí atẹ́gùn mí, wọ́n á kú láìsí pé ẹ da oògùn sí oúnjẹ. Ṣùgbọ́n tí àgbàdo ò bá tíì gbẹ, ẹ má kó o síbẹ̀, ṣe lẹ máa sé e mọ́ inú omi ara ẹ̀. Ẹ kọ oṣù tẹ́ ẹ kó o sí i lára àpò, kẹ́ ẹ máa lo ti tẹ́lẹ̀ kó tó kan tuntun.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dáko, ẹ ṣẹ́ ẹ tó bá ti gbó, ẹ má fi sílẹ̀ lórí ìdúró títí òjò míì á fi bá a. Tẹ́ ẹ bá ń yin ín, ẹ má fi igi lù ú bí ẹni ń lu ejò, hóró tó bá ti sán lèébu ń gbà wọlé. Àwọn IITA, iléeṣẹ́ tó ń ṣèwádìí nǹkan ọ̀gbìn n'Ìbàdàn níbí, bá wọn ṣe ohun kan tí wọ́n ń pè ní Aflasafe, wọ́n forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún 2014. Ọkà bàbà tí kò lè hù mọ́ ni, wọ́n fi irú èébu kan náà tí kì í pọ májèlé sára ẹ̀, èyí á gba ààyè mọ́ èyí tó burú lọ́wọ́ nínú oko. Kílò 10 ni fún hẹ́kítà kan, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí àgbàdo tó yọ òdòdó, lórí ilẹ̀ tó tutù. Mo mọ àwọn àgbẹ̀ tó ń lò ó, inú wọn sì dùn sí i.

7. Èyí tó ti bàjẹ́ ńkọ́, ara tó ti jẹ ẹ́ ńkọ́?

Ẹ má tà á. Ẹ má fún adìyẹ, ẹ má fún ajá, ẹ má fún ẹni tó ń tọrọ. Ẹ wa kòtò, ẹ sin ín jìn. Tẹ́ ẹ bá ń gbá a jọ, ẹ fi aṣọ bo imú, eruku ẹ̀ ò dáa fún àyà.

Tẹ́nì kan nínú ilé bá ń bì, tí inú ń dùn ún, tí ojú ẹ̀ pọ́n bí ẹni ní ibà pọ́njú, tí ìtọ̀ ẹ̀ dúdú, tí ikùn tàbí ẹsẹ̀ ń wú, pàápàá tó bá ju ẹnì kan lọ nínú àwọn tó jẹ ìkòkò kan náà, ẹ má fi àgbo bẹ̀rẹ̀ o, ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn, kẹ́ ẹ mú díẹ̀ lára àgbàdo náà dání kí dókítà rí i.

Èyí tó ń wọlé díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún ni kì í pariwo, ẹ̀dọ̀ ló ń jẹ. Ó wà lára ohun tí àjọ ìlera àgbáyé ti kà sí ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Ẹni tó bá sì ní kòkòrò àrùn hepatitis B lára, ewu jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ tí májèlé yìí ń fà lè tó ìlọ́po 30 fún un. Nítorí náà ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò fún un, ẹ sì jẹ́ kí ọmọ yín gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá bí i, ọ̀fẹ́ ni níléèwòsàn ìjọba, kí nọ́ọ̀sì tó ní kẹ́ ẹ máa lọ sílé, ẹ bi í léèrè bóyá wọ́n ti gún un.